Oògùn Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Ti Kọjá: Ta Ni Yóò Gbà Á Padà?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa ní Festac Town

 

Wọ́n ní kí n má pẹ́. Èmi náà mọ̀ pé ìrẹsì ti jinná, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ fún mi kì í ṣe èyí tí a lè sọ bí ẹni tó ń sáré bá bọ́ọ̀sì Mile 2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi díẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, àwọn tó ń ta oúnjẹ ló pọ̀ jù. Àwọn aláṣọ tẹ̀ lé wọn. Àwa tí a ní kẹ́mísì kò ju mẹ́sàn-án lọ. Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan òun níbẹ̀, ṣebí gaàrí lòun ń tà. Ó kàn yín o. Owó tí a fi ń ra oògùn, owó ẹgbẹ́ ni, owó tí gbogbo wa ń dá lóṣooṣù ni. Tí oògùn bá sì ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ nínú ìsọ̀ mi, ọmọ tiyín ló lè mu ún, kì í ṣe ọmọ tèmi nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n ti ara mi bẹ̀rẹ̀, torí mo ti pinnu pé n kò ní bá ẹnì kankan wí lónìí kí n tó bá ara mi wí.

Ní ìparí ọdún 2019, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi kún ọjà kẹ́mísì mi. Ẹni méjì ló dúró fún mi, àwọn méjèèjì jókòó síbí, mo ń wo ojú wọn. Ọkùnrin kan tó máa ń fi ọkọ̀ gbé ọjà wá fún wa sọ fún mi pé òun ní síróòpù ikọ́, òun sì ní antibiotic oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi omi pò fún ọmọdé. Owó rẹ̀ rẹlẹ̀. Iye tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà lórí kátọ̀n mẹ́ta ló fẹ́ gbà lórí mẹ́rin. Mo dúpẹ́, mo sanwó kátọ̀n mẹ́rìndínlógún. N kò wo ọjọ́ tó wà lára páálí rárá. Ó di ọjọ́ kẹta kí ọmọ mi obìnrin, tó ń bá mi tò ó sórí pẹpẹ, tó pè mí: "Mummy, oṣù kẹfà ni gbogbo eléyìí máa expire o." Mo ní kò burú, ọyẹ́ ti dé, ikọ́ náà ti dé, yóò ti tán kí oṣù kẹfà tó pé.

Ẹ̀yin náà ẹ rántí ọdún 2020. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, ọjọ́ Ìsinmi, Abúlé-Àdó bú gbàù, gbogbo wa níbí la gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kan náà, ìjọba ti Èkó pa nítorí kòrónà. Nígbà náà, ẹni tó bá ń wúkọ́ ń sá pamọ́ ni. Ta ló fẹ́ jáde wá sí kẹ́mísì kó wá wúkọ́ níwájú ènìyàn? Síróòpù ikọ́ kò tà mọ́. Nígbà tí oṣù kẹfà fi parí, kátọ̀n mọ́kànlá àti ààbọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Mo pe ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn títí, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Mo wá ìsọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí risíìtì dé Ìdúmọ̀tà. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n fún mi ní pure water, wọ́n wá fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ risíìtì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́tà wíńníwínní pé ọjà tí a bá ti rà, a kì í gbà á padà. Mo padà sílé pẹ̀lú ọjà mi nínú bọ́ọ̀sì.

Ibi tí ìtìjú mi wà nìyí. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin kan wá sí ìsọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní òun gbọ́ pé mo ní ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ, òun á rà á ní ìdá márùn-ún owó tí mo fi rà á. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Mama, ẹ má da ara yín láàmú." Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kò sí ọlọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ wà lọ́rùn mi, àwọn tó dúró fún mi sì ti ń pè mí. Mo ta kátọ̀n mẹ́ta fún un. Antibiotic ọmọdé wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo ń kọjá lẹ́bàá ọ̀nà kan ní ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo rí síróòpù náà lórí tábìlì ẹnì kan. Mo gbé e wò. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ 2022. Mo ní kóun fún mi ní ìgò kan, mo gbé e délé, mo mú ìwé ọjà mi jáde. Nọ́ńbà batch tó wà lára ìgò náà ni mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ sínú ìwé. Wọ́n ti nu ọjọ́ àtijọ́ kúrò, wọ́n tẹ tuntun sí i, wọn kò sì fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn. Mo padà lọ, mo ra gbogbo èyí tó kù lórí tábìlì náà, ìgò mọ́kànlá. Ti antibiotic, n kò rí i títí di òní. N kò mọ ilé tó wọ̀.

N kò lọ fẹjọ́ sùn nígbà náà. Ẹ̀rù bà mí, torí èmi gan-an ni mo tà á.

Òfin tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1988 ni ìjọba ológun ti ṣe òfin tó lòdì sí oògùn ayédèrú, ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa títí di òní, oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sì wà nínú ohun tó kà léèwọ̀ láti tà. Owó ìtanràn wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí ọdún 15 náà sì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹni tó tẹ ọjọ́ tuntun sí i nìkan ni ọwọ́ òfin máa tẹ̀. Ohun kejì tí mo tún ṣe tí kò dára ni antibiotic yẹn. Ìwé àṣẹ tí àwa tí a kì í ṣe apoògùn gbà láti ta oògùn kò fún wa láyè láti ta oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ. Pharmacy Council ló ń fún wa ní ìwé náà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la ń dọ́gbọ́n sí i. Apá kan nínú ìdí tí n kò fi lè pariwo nígbà tí ọjà yẹn bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó ra ohun tí kò yẹ kó rà, ta ló fẹ́ kígbe bá?

Ẹnì kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé oògùn máa ń di májèlé lọ́jọ́ kejì tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá ni. Rárá. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹni tó ṣe é fi ọwọ́ sọ̀yà dé, pé tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ bí òun ṣe wí, agbára rẹ̀ yóò pé. Tó bá jẹ́ oṣù àti ọdún nìkan ni wọ́n kọ, òpin oṣù náà ni. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ti ń yẹ oògùn tí wọ́n kó pamọ́ wò láti ọdún 1986, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì dára lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àwọn yẹn ní yàrá tútù, wọ́n sì ní ilé àyẹ̀wò. Ìsọ̀ tèmi, páànù ló wà lórí rẹ̀, NEPA kò sì fún wa níná. Antibiotic tí agbára rẹ̀ ti dín kì í pa kòkòrò tán, ó kàn ń kọ́ kòkòrò náà lọ́gbọ́n ni. Tetracycline àtijọ́ tó ti pẹ́ jù ti ba kíndìnrín àwọn ènìyàn jẹ́ rí, àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1963. Èmi kò ní ẹ̀rọ tí mo fi lè mọ èyí tó ṣì dára yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́, ẹ̀yin náà kò ní.

Nísinsìnyí, ta ló yẹ kó gbà á padà?

Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ apoògùn léèrè. Ó ní ọ̀nà tí oògùn gbà wá ló yẹ kó gbà padà: láti ìsọ̀ sọ́dọ̀ olówò ńlá, láti ọ̀dọ̀ olówò ńlá sọ́dọ̀ ẹni tó kó o wọlé tàbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí wọ́n wá jó o lábẹ́ ojú àwọn NAFDAC. Ní Amẹ́ríkà, ó ní ilé iṣẹ́ kan wà láàárín tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gba oògùn ọjọ́-kọjá jọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe oògùn níbẹ̀ máa ń gba ọjà wọn padà láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ títí di bí ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, wọn á sì yọ owó rẹ̀ nínú gbèsè olùtajà. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1993 ni àwọn ilé oògùn ti ń gba èyí tó ṣẹ́kù nílé àwọn ènìyàn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní London, ẹ bi wọ́n: wọ́n lè gbé oògùn tí wọn kò lò mọ́ lọ fún ilé oògùn àdúgbò wọn.

Níbí ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ńláńlá kan máa ń pààrọ̀ ọjà fún ilé oògùn ńlá tó bá rà á lọ́wọ́ aṣojú wọn tààrà. Ẹni tó bá rà á ní ọjà gbangba, oníkálukú ló ń gbé ẹrù rẹ̀. N kò sì fẹ́ kí a kàn bú àwọn ará Ìdúmọ̀tà. Mo ti jókòó bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ó sọ òtítọ́ fún mi. Ó ní ẹni tí òun ti rà á kì í gbà á lọ́wọ́ òun. Ó ní ẹni tó kó o wọlé láti òkè òkun kò lè dá a padà síbẹ̀. Ó tún ní nígbà tí òun ń gbà á padà láyé àtijọ́, àwọn oníbàárà gba ojúlówó lọ, wọ́n kó ayédèrú wá fún òun pé ti òun ni. Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Àwa ọlọ́jà náà kì í ṣe màlékà.

Ìjọba gbìyànjú láti tún ọ̀nà náà ṣe. Ní ọdún 2012 wọ́n gbé ìlànà pípín oògùn káàkiri orílẹ̀-èdè jáde, pé kí ọjà oògùn gbangba kásẹ̀ nílẹ̀, kí oògùn máa gba ojúkò ńlá tí a mọ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, ti Onitsha àti ti Aba pa, wọ́n sì kó ọjà ayédèrú àti èyí tó ti kọjá ọjọ́ lọ, kí wọ́n tó tún ṣí wọn padà. Ẹ rántí pé ìyá tó sọ orúkọ NAFDAC di ohun tí gbogbo ilé mọ̀, Dora Akunyili, àbúrò tirẹ̀ ló kú ní 1988 lórí insulin ayédèrú. Kì í ṣe iṣẹ́ lásán ló ń ṣe. Wọ́n yìnbọn sí i ní December 2003, ó gba ẹ̀yìn gèlè rẹ̀ kọjá.

Òun náà ló fẹ́ fi NAFDAC sílẹ̀ ní 2008 tí ọ̀rọ̀ My Pikin fi ṣẹlẹ̀. Síróòpù eyín ọmọ ni. Kì í ṣe pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kẹ́míkà olóró ló wọ inú rẹ̀. Ọmọ 84 ló kú. Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n kéde pé kí gbogbo ènìyàn dá a padà, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni kò ní ìwé tó lè fi hàn ẹni tí wọ́n ti rà á àti ẹni tí wọ́n tà á fún. Ọ̀nà tí a ó fi dá oògùn ọjọ́-kọjá padà ni ọ̀nà kan náà tí a ó fi pe oògùn olóró padà. Tí kò bá sí ọ̀kan, kò sí èkejì.

Ìjọba gan-an ti jìyà irú ìyà tó jẹ mí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tí àwọn òyìnbó fún wa, púpọ̀ nínú rẹ̀ dé nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ní December 2021 wọ́n fọ́ èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan dànù ní Abuja, wọ́n sì sọ pé àwọn kò ní gba èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo rẹ́rìn-ín, mo ní àṣé bí mo ṣe gọ̀ ni ìjọba gọ̀.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyí. Àwa oníkẹ́mísì, ẹ jẹ́ kí a máa wo ọjọ́ kí a tó ka owó. Ọjà tí kò bá ní ọdún kan nílẹ̀ mọ́, ẹ má gbà á, bó ti wù kó pọ́n yín lójú tó. Tí ọjà kan bá pọ́, ẹ bi ara yín pé kí ló dé. Kí ẹni tó ń tà á fún wa kọ ọ́ sórí risíìtì, lẹ́tà gbàgàdà, pé tó bá ku oṣù mẹ́ta tí kò tíì tà, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀, kí nọ́ńbà batch sì wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn á fi rẹ́rìn-ín ni. Àwa mẹ́sàn-án tí a bá ń rà á pa pọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́, wọn á gbọ́. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ olówò méjì: ọ̀kan lé mi, èkejì gbà, ó ní òun á dán an wò fún ọdún kan.

Èyí tó bá sì ti kọjá pátápátá, tí kò sẹ́ni tó máa gbà á, ọ̀nà wà. A lè kọ̀wé sí NAFDAC pé kí wọ́n wá bá wa bà á jẹ́: orúkọ oògùn, iye rẹ̀, nọ́ńbà batch, ọjọ́ rẹ̀. Owó wà níbẹ̀ láti san. Wọn á wá wò ó, wọn á sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti bàjẹ́ lójú wọn. Kátọ̀n mẹ́jọ àti ààbọ̀ tó kù mí lọ́wọ́, pẹ̀lú ìgò tí mo rà padà, ọ̀nà yìí ló gbà lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi kún ti ilé oògùn rẹ̀ fún mi. Kó tó di ọjọ́ náà, mo fi bírò pupa kọ ọ́ sára gbogbo wọn pé kì í ṣe fún títà, mo sì tì í mọ́ yàrá. Ìdí tí ẹnì kan ṣoṣo kì í fi ṣe é ni owó àti wàhálà rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, yóò rọrùn.

Ẹ má dà á sí kánáàlì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń dà á síbẹ̀ lálẹ́. Omi yẹn ń bọ̀ wá bá wa nílé nígbà òjò, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lápá ẹ̀yìn Festac mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì gbé e pẹ̀lú páálí rẹ̀ fún àwọn kólẹ̀kódọ̀tí. Àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn yóò rí i, yóò sì padà sórí tábìlì bí tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ní díẹ̀ nílé, oògùn bàbá tó ti kú, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ tú u kúrò nínú ìgò, ẹ pò ó mọ́ eérú tàbí iyẹ̀pẹ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹ sì ya orúkọ ara ìgò náà dànù.

Ohun kan ló kù, ti ìgbìmọ̀ owó yíyá ni. Nígbà tí mo wá yá owó ní 2019, ẹ bi mí léèrè ẹni tó máa dúró fún mi, ẹ bi mí léèrè ìgbà tí n ó san án. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọjọ́ wo ló wà lára ọjà. Mo san owó náà tán ní 2021, ọ̀kan nínú àwọn tó dúró fún mi bá mi san oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Mo ń bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n máa gba ẹ̀dà risíìtì tí nọ́ńbà batch àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ra oògùn, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Àpótí onírin tí Alága rà wà ní ọ́fíìsì wa, àgádágodo méjì ló wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ mi, èkejì lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá ní oògùn ọjọ́-kọjá ní ìsọ̀, kó gbé e wá kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé. A kò ní bi í bó ṣe rà á. A ó kan kọ orúkọ oògùn, iye rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, òun náà yóò sì fọwọ́ sí i.